Ìbéèrè Kejì Lẹ́nu Géètì

Ríìmù ọkọ̀ tírélà kan ló jẹ́ agogo ilé-ìwé wa nígbà náà. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá wa, irin gbọọrọ kan sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń lù ú. Bí wọ́n bá lù ú láàárọ̀, ìró rẹ̀ á gba orí pápá kọjá, á dé títì Ilo-Awela, àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ á sì ki eré mọ́lẹ̀. Mo rántí ìró yẹn ju bí mo ṣe rántí ojú ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ, nítorí ọmọbìnrin tó ń lù ú. Alágogo ni gbogbo wa ń pè é. Kíláàsì kẹta gírámà ló wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, kì í sì í pẹ́ dé. Bó bá lu agogo náà, ẹ ó mọ̀ pé òun ni, torí kì í kàn lù ú ṣáá. Á lù ú léraléra, á sinmi díẹ̀, á wá fi ẹyọ kan kún un, bí ẹni tó ń fi èènì sí ọjà fún oníbàárà.

Ilé-ìwé ìjọba ni, ní Sango-Ọ̀tà, kò sì ní fẹ́ǹsì. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ nítorí òun ló ń bí mi nínú jù, ó sì ń bí mi nínú di òní. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì á gba àárín pápá wa kọjá, ọlọ́kadà tó ń sá fún kòtò ojú títì á gbà á, ewúrẹ́ á gbà á, oníwàásù á dúró lójú fèrèsé kíláàsì, á máa pariwo lé àwọn ọmọ lórí. Bàbá ọlọ́dẹ wa, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ńpìnnì, a máa jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, níbi tí géètì ì bá wà ká ní a ní géètì. Ibẹ̀ ló ti ń kí gbogbo ẹni tó bá gba iwájú rẹ̀ wọlé. Àwọn tó bá gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn wọlé, Ọlọ́run nìkan ló ń kí wọn.

Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa fi iṣẹ́ olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ kún un fún mi, torí ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ, ìjọba kò sì rán ẹlòmíràn wá. Wọ́n ní kí n lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Abẹ́òkúta lórí bí a ṣe ń dáàbò bo ọmọ nílé-ìwé. Mo gbé báàgì tí wọ́n kọ nǹkan sí lára dé, pẹ̀lú ìgbéraga tó tóbi ju báàgì náà lọ. Bí ẹ bá rí mi lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ó rò pé èmi nìkan ni wọ́n kó gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn lé lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa, òfin kan ló wọ̀ mí lára jù: a kò gbọdọ̀ fi ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lásìkò ẹ̀kọ́ àfi ẹbí rẹ̀. Mo pe bàbá ọlọ́dẹ, mo kọ́ ọ ní ìbéèrè tí yóò máa bi ẹni tó bá wá mú ọmọ: "Kí lẹ jẹ́ sí i?" Ó ní ó ti yé òun. Inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣe ẹbí nílẹ̀ wa? Èmi gan-an ni mo ń kọ́ wọn ní kíláàsì pé Yorùbá kì í ya ẹbí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé ọmọ tí àbúrò ìyá rẹ bí, tó bá ti jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ìyá rẹ ni. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, màá máàkì í. Ní agboolé bàbá mi l'Ọ̀tà níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé-ìwé gírámà kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń gbé mi kọ́rùn lọ sí oko wa lọ́nà Alápòtí, kì í ṣe ìyá mi ló bí i. Ẹni tó ṣèèṣì sọ ọ́ létí mi, ìyá mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè kan wà tí a kì í bi ọmọlúàbí, òun ni pé ṣé ìyá kan náà ló bí yín. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ láwùjọ, wọ́n á ní ó fẹ́ tú ilé onílé ni.

Ọkùnrin tí gbogbo wa padà wá ń pè ní Bọ̀ọ̀dá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti jẹun tán tí wọ́n ti padà sí kíláàsì. Ó ki ẹ̀wù rẹ̀ sínú ṣòkòtò, káàdì kọ́ńpìnnì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì mọ ènìyàn kí. Ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá ọlọ́dẹ, ó júwe òróró tó lè fi pa á. Bàbá ọlọ́dẹ ò gbàgbé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ, ó bi í pé kí ló jẹ́ sí ọmọ tó wá mú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ni mí." Ó ní ìyá rẹ̀ ló rán òun. Wọ́n pe Alágogo jáde, èmi náà jáde sí i, mo bi ọmọ náà bóyá ó mọ ọkùnrin yìí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi ni, mà." Òfin ti pé nìyẹn, kò sí ohun tó kù. Mo ní kí wọ́n máa lọ, mo tún wá lọ sọ fún ọ̀gá wa pé ètò tuntun wa ti ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bọ̀ọ̀dá di ojúlùmọ̀. Á dé, á kí bàbá ọlọ́dẹ, á mú Alágogo lọ, nígbà mìíràn á mú ọmọbìnrin méjì mìíràn mọ́ ọn, tí gbogbo wọn jẹ́rìí pé bọ̀ọ̀dá àwọn ni. Ọjọ́ tó bá ti wá, ẹlòmíràn ni yóò lu agogo ìjádelọ. Kò pẹ́ tí agogo àárọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ọmọ tí kì í pẹ́ dé wá ń sáré wọlé pẹ̀lú ojú tó wú, bó bá sì jókòó tán, á gbórí lé tábìlì. Òórùn rọ́bà tí iná jó wà lára aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó tẹ orí ba níwájú mi, mo rí èèrún rọ́bà aláwọ̀ pupa àti búlúù nínú irun rẹ̀, ó ṣe wẹ́wẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á bí ẹni tó ń ṣa iná orí.

Mo mú un lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Kò fi pamọ́ rárá. Ó ní kọ́ńpìnnì kan tó ń ṣe ike àti abọ́ rọ́bà ni, pé Bọ̀ọ̀dá ló máa ń kó àwọn káṣúà lọ síbẹ̀, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ tòótọ́, tí wọ́n kàn ń bá wọn ṣe é lójoojúmọ́. Àwọn tó bá máa ṣe ṣíìfùtì ọ̀sán gbọ́dọ̀ wọlé kí ilé-ìwé tó jáde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gé etí ìdérí ike bó bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò ṣàròyé. Ká sọ tòótọ́, ó ń yangàn ni. "Wọ́n ní ọwọ́ mi yá ju tàwọn àgbà lọ, mà," bẹ́ẹ̀ ló wí, ó sì na ìka rẹ̀ sí mi kí n rí i. Mo wá bi í pé ọmọ ta ni Bọ̀ọ̀dá yìí nínú ẹbí wọn. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé, ó ní bọ̀ọ̀dá ilé wọn ni. Kò ju pé ọkùnrin náà háyà yàrá kan nínú ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé.

Inú bí mi. Ó bí mi sí Bọ̀ọ̀dá, ó bí mi sí ìyá ọmọ náà, ó sì bí mi sí èdè tí mò ń kọ́ wọn, tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. Mo pinnu pé bó bá tún dé, mi ò ní jẹ́ kí ìbéèrè dúró sórí ẹyọ kan. Ó dé. Mo jáde ní kíláàsì tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Mo kí i, ó kí mi, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ó dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Mo wá bi í ní ìkejì.

"Ṣé ìyá kan náà ló bí yín?"

Bàbá ọlọ́dẹ dìde lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Àwọn méjì tó ń gba àárín pápá kọjá dúró láti gbọ́. Bọ̀ọ̀dá ò pariwo mọ́ mi. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Àǹtí, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé ọmọ ìyá kan nìkan ló ń jẹ́ ẹbí ládùúgbò tiyín ni?" Kí n tó fèsì, bàbá ọlọ́dẹ ti ń bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní kó má bínú, pé ọmọdé ló ń ṣe tíṣà àwọn. Mo ní ọmọ kò lọ ibì kankan. Bọ̀ọ̀dá juwọ́ sílẹ̀, ó lọ, èmi sì padà sí kíláàsì bí ẹni tó ti ogun bọ̀. Mo fi ọ̀sán yẹn kọ́ wọn ní òwe, mo ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ ò rí i bí inú mi ṣe ń dùn lásán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo tó dún, ìyá Alágogo ti dúró sí ẹnu ọ̀nà wa. Obìnrin kan ni tó wá láti Ọ̀ṣun, tó ń fọ aṣọ kiri ilé onílé, ọṣẹ ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ti rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó dìde, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì gbàgbé.

"Ẹ bi bọ̀ọ̀dá bóyá ìyá kan náà ló bí wa. Ó dáa, mà. Nígbà tí bàbá ọmọ yìí lọ tí ò padà, ta ló bá wa wá yàrá tí a ń gbé? Nígbà tí ibà fẹ́ pa á, ta ló gbé e sórí ọ̀kadà lọ sọ́sípítù? Ẹ̀yin ńkọ́? Ọjọ́ wo lẹ bi wá bóyá a rí oúnjẹ jẹ?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn tí wọ́n fún mi, ibi tí wọ́n ń kó àga tó kán sí ni. Kò sí oúnjẹ tí a ń fún ọmọ kankan, kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ ìyá yìí fún tí yóò bá mi gbé e. Báàgì tí mo gbé bọ̀ láti Abẹ́òkúta ni mo ní. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà ṣe ìdánwò àṣekágbá kíláàsì kẹta ná, torí ó ku díẹ̀. Ó ní yóò ṣe é, pé Bọ̀ọ̀dá ti ṣèlérí pé òun ò ní pè é lọ́sẹ̀ ìdánwò. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Obìnrin náà kò burú, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé òbí àti olùkọ́. Wọ́n ní tíṣà kan ń bi àwọn ènìyàn ní ìyá tó bí wọn. Alága ìpàdé, bàbá kan tí àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, dìde, ó ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Etí mi ń hó fún ìbínú. Òwe náà dára, èmi náà ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dìde béèrè pé nínú igba ojú yẹn, èwo ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ rọ́bà tó ń wo ọmọ náà? Ọ̀gá wa ti mọ̀ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní kí n bẹ àwọn òbí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá pàṣẹ fún bàbá ọlọ́dẹ pé bí ẹnikẹ́ni bá wá mú ọmọ, kó béèrè ohun tó jẹ́ sí i, kó sì dúró síbẹ̀, kí ìbéèrè má ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì ní kò kàn mí mọ́.

Mo gba ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ lọ l'Ọ̀tà. Ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ fi sùúrù gbọ́ mi dé òpin, ó ní ọ̀rọ̀ ńlá ni, pé kí n gbé e gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé mi kó tó lè dé ọwọ́ tàwọn. Mo ní ọ̀gá mi ló ní kí n panu mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni, kí n ṣáà gbé e gba ọwọ́ rẹ̀. Mo jáde, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì ń sunkún títí a fi dé abẹ́ bíríìjì Sango. Ìyá kan tó jókòó tì mí rò pé mo ṣọ̀fọ̀, ó ní kí Ọlọ́run tù mí nínú. Mo ṣe àmín, torí mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, Bọ̀ọ̀dá wá. Mo rí i láti fèrèsé kíláàsì. Bàbá ọlọ́dẹ bi í ní ìbéèrè ẹyọ kan, ó dáhùn, Alágogo sì tẹ̀lé e. Mo dúró tòun ti ìwé lọ́wọ́, mi ò lè jáde, torí wọ́n ti sọ fún mi níwájú gbogbo òbí pé kò kàn mí mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo kò dún. A dúró, a dúró, títí bàbá ọlọ́dẹ fi lọ mú irin nílẹ̀ tó lu ríìmù náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lọ́nà ò sáré, torí wọn ò mọ ìró yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí Bọ̀ọ̀dá máa ń mú mọ́ Alágogo ló wá bá mi níbi tí àwọn ọmọ to ìlà sí. Ó ní ẹ̀rọ ti mú Alágogo lọ́wọ́. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo fi ìlà sílẹ̀, mo wọ ọ̀kadà lọ sí ọsibítù tó wà l'Ọ̀tà.

Mo bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé bàtà ọmọ náà lé itan. Wọ́n jẹ́ kí n yọjú wo ọmọ náà. Ó ń sùn, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Wọ́n ní àwọn gbìyànjú, pé àwọn ò rí gbogbo ìka rẹ̀ gbà là. Mo padà jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó wá ń sọ fún mi láìwojú mi pé Bọ̀ọ̀dá ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, pé nọ́ọ̀sì jáde, ó ní kí ẹbí ọmọ náà wá fọwọ́ sí ìwé kí dókítà tó lè ṣe iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì bi Bọ̀ọ̀dá pé kí ló jẹ́ sí i.

"Ó ní òun ò bá wa tan," ìyá náà wí. "Ó ní ilé kan náà la kàn jọ ń gbé. Ẹnìkan ò tiẹ̀ bi í bóyá ìyá kan ló bí wa, mà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́."

Ó lọ, ó fi ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì dúró títí ẹni tó mọ ibi tí ìyá náà ti ń fọṣọ fi lọ pè é. Mo ti ń wá ìdáhùn yẹn tipẹ́tipẹ́. Nígbà tó wá dé, kò dùn mọ́ mi rárá. Ẹni tí a ní kó feni lójú ló fata sẹ́nu. Mo di ọwọ́ ìyá náà tí ọṣẹ ti bó mú, inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí ìbínú náà yóò yọ sílẹ̀.

Wọ́n wá Bọ̀ọ̀dá lọ sílé, ó ti kó jáde. Kọ́ńpìnnì náà ní àwọn ò gba ọmọdé síṣẹ́ rí, pé ẹni tó kó wọn wá kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Àwọn náà ò bá a tan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àánú àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe àwọn, wọ́n sì fẹ́ ṣe nǹkan fún ààbò wọn. Géètì ni wọ́n fún wa. Irin gidi ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n kọ orúkọ kọ́ńpìnnì sí i gàdàgbà. Wọ́n mọ òpó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àga bàbá ọlọ́dẹ máa ń wà, wọ́n so ó mọ́ ọn, kò sí fẹ́ǹsì lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n ta kánópì, wọ́n ya fọ́tò, alága tún pa òwe igba ojú rẹ̀. Nígbà tí ètò parí, wọn ò rí kọ́kọ́rọ́ géètì mọ́, gbogbo àwọn ènìyàn ńlá náà bá gba ẹ̀gbẹ́ òpó jáde, wọ́n ń gbé agbádá wọn sókè kí ẹrẹ̀ má baà tà sí i. Ẹ̀rín tó pa mí lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Ọ̀gá wa wò mí títí mo fi dákẹ́.

Alágogo padà wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdánwò ti kọjá, kò rí i ṣe. Ìyá rẹ̀ ń mú un padà lọ bá ìyá àgbà ní Ọ̀ṣun, ó ní kó wá dágbére fún wa kó sì dá ìwé Yorùbá mi padà. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, ó na ìwé náà sí mi, ojú ń tì í.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní, "ọwọ́ òsì ni mo fi fún yín."

Ilé ayé mi ni mo fi ń kọ́ ọmọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Mo gba ìwé náà. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó bojú wo ọ̀dọ̀ mi, mo sì mi orí fún un pé kó lù ú. Ó fi ọwọ́ òsì mú irin, ó lu ríìmù náà. Kì í ṣe àsìkò ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò sí tíṣà tó bá a wí. Mo dúró, mò ń retí kó fi èènì sí i. Kò fi sí i.

Wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ìjìyà. Mo kọ́ ọmọ lọ́pọ̀ ibòmíràn, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo máa ń rò pé ìbínú yẹn á ti lọ, torí àgbà ní í gba ìyà mọ́ra. Kò lọ. Ó kàn kọ́ bí a ṣe ń jókòó jẹ́jẹ́ ni.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lágbègbè Ilo-Awela pè mí pé ọ̀nà kò jẹ́ kóun tètè dé, kí n bá òun lọ mú ọmọ òun nílé-ìwé. Ilé-ìwé yẹn náà ni. Géètì wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣí, orúkọ kọ́ńpìnnì ti pa rẹ́, fẹ́ǹsì ò sì tíì dé. Bàbá ọlọ́dẹ ti kú. Tíṣà kékeré kan ló jókòó sípò rẹ̀ tó ń wo àwọn ọmọ jáde. Mo kí i, mo dárúkọ ọmọ tí mo wá mú. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó pe ọmọ náà, ó ní ká máa lọ. Mi ò mira. Mo ní, "Ìwọ ò ní bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin mọ́mì, ta ló máa bi àgbà nírú ìyẹn?"

Mo sọ fún un pé mi ò ní mú ọmọ náà lọ títí yóò fi bi mí. Ó wò mí, ó ti mọ̀ pé ìyá oníjọ̀gbọ̀n kan ló dé yìí, ó sì fi ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún béèrè pé, "Ó dáa, mà. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Mo ní, "Ìyá rẹ̀ ni mí."

Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò rò ó. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ìyá rẹ ni, bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú èyí tí Bọ̀ọ̀dá sọ náà. Tíṣà kékeré náà mi orí, ara tù ú, ó fi ọwọ́ ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Mo ṣì dúró níbẹ̀, mò ń retí ìbéèrè kejì. Ó ti yíjú sí ọkùnrin kan tó ń gba ẹ̀gbẹ́ géètì wọlé bọ̀, ó ń kí i pé ẹ kú ọ̀sán, sà, ṣé ọmọ yín lẹ wá mú.